Kí á wò ó kí á tó pa á: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé wa ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá wa alága, ẹ̀yin àgbà nínú ìgbìmọ̀, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ọmọ yín wá láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú òtútù. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò tíì fojú kan Ìbàdàn rí, tó wá ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, tó sì mọ oríkì ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bà yín lórúkọ jẹ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà tàbí ti ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní oṣù Kẹsàn-án nítorí aláǹtakùn kan kì í ṣe tiwa nìkan. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, mo sì mọ̀ pé bí oṣù Kẹsàn-án bá tún dé, a óò tún gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí bó ṣe lọ. Ọmọdébìnrin kan rí aláǹtakùn lẹ́yìn irin tó ń mú gbọ̀ngán gbóná. Ó tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì sáré. Ọmọ náà kígbe, olùkọ́ rẹ̀ náà kígbe, ẹnì kan bọ́ bàtà, ó sì là á mọ́lẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó jẹun ọ̀sán, fọ́tò òkú rẹ̀ ti dé orí WhatsApp àwọn òbí, pẹ̀lú ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀: "Ẹ tètè wá kó ọmọ yín o, aláǹtakùn apààyàn ti wọ ilé ẹ̀kọ́!" Nígbà tó di alẹ́, ẹlòmíràn ti fi àwòrán apá kan tó wú tó sì ti ń dúdú ṣọwọ́ síbẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ni apá náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ló rí i gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹni náà sì rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti gbọ̀ngán pa fún Sátidé mẹ́ta. Ẹ sanwó fún àwọn tó wá fín oògùn, owó tí a fi ì bá ra ìwé kíkà fún kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Ẹ sì fagi lé kíláàsì ọgbà, níbi tí mo ti ń fi kòkòrò àti aláǹtakùn han àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́rin, ẹ ní òbí kan kò ní fẹ́ kí ọmọ òun máa ṣí òkúta wò mọ́. Kò sẹ́ni tó pè mí kí ẹ tó pinnu. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé aláǹtakùn tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí kì í ṣe èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́.

Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa. Ó ti fọ́, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣì pé. Ọwọ́ kéékèèké méjì wà níwájú orí rẹ̀, ìkángun ọwọ́ náà sì rí róbótó bí ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́. Ohun tí a fi ń mọ akọ nìyẹn. Ara rẹ̀ pupa bí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, irun sì wà lára rẹ̀. Akọ aláǹtakùn inú ilé ni, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eratigena. Abo rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tàbí kọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí ló máa ń wà, nínú jàǹkárìwọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Akọ ló ń rìn. Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń lọ sópin tí oṣù Kẹsàn-án sì wọlé, yóò kúrò ní ibùgbé rẹ̀, yóò máa wá abo kiri nínú òkùnkùn, lórí kápẹ́ẹ̀tì, nínú ọpọ́n ìwẹ̀, lẹ́yìn irin amúlégbóná. Kò wá ọmọ wa wá. Aya ló ń wá. Bó bá sì rí abo náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wà títí ikú yóò fi dé, torí pé kì í rí òpin ọdún náà.

Ẹ lè bi mí pé, èwo wá ni aláǹtakùn olóró tí ìwé ìròyìn ń pariwo rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí pé èmi náà kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fi nǹkan pa mọ́.

Steatoda nobilis ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní false widow. Opó ayédèrú ni èmi máa ń pè é fún àwọn ọmọ, torí pé ó jọ black widow, opó dúdú tí oró rẹ̀ le gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ikùn rẹ̀ róbótó, ó sì ń dán bí kóró àgbálùmọ̀. Àmì ràkọ̀ràkọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn kan ní ó jọ agbárí òkú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò sì gùn tó ti èyí tí ẹ pa. Abo rẹ̀ tó tóbi jù, gígùn ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 14 lọ. Jàǹkárìwọ̀ rẹ̀ rí wúruwùru, kò ní ètò, òkè ibi tí ọwọ́ kì í dé ló sì máa ń ta á sí: abẹ́ fèrèsé, igun ṣẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn páìpù. Níbẹ̀ ni yóò dorí kodò sí tí yóò máa retí. Kì í sáré lórí ilẹ̀ lépa ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí aláǹtakùn tó ń sáré ní àárín gbọ̀ngán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òun kọ́ nìyẹn.

Àlejò ni lóòótọ́. Ilé rẹ̀ ni Madeira àti Erékùṣù Kánárì, àwọn erékùṣù inú Òkun Àtìláńtíìkì tí wọn kò jìnnà sí etíkun àríwá-ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Torquay, ní Devon, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Bìrìtìkó, ní ọdún 1879. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé inú ẹrù ọkọ̀ ojú omi ló bá dé, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí èso mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú nípa ọdún yẹn. Ogun Kírìjì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ wa. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣì dojú kọ Ìbàdàn nínú ibùdó ogun. Láti ìgbà náà ni aláǹtakùn yìí ti ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etíkun gúúsù ló dúró sí. Láàárín ogójì ọdún sí àkókò yìí ló wá tàn ká. Ooru ilé tí a ń tan káàkiri àti ìgbà òtútù tí kò le tó tàtijọ́ mọ́ ló jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìpayà tó gba àwọn ènìyàn kò ní ọjọ́ orí tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gloucestershire ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí aláǹtakùn yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin ní Newham níbí, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tó jókòó sílé ní Newham. Àwọn onímọ̀ aláǹtakùn sọ nígbà náà pé kò yẹ kí wọ́n tì wọ́n, pé oògùn tí a fín kì í lé e lọ títí, torí pé yóò tún padà láti ọgbà ilé kejì. Ta ló gbọ́? Ohùn orí WhatsApp ló yára ju ohùn onímọ̀ lọ.

Nípa oró rẹ̀, mo fẹ́ sọ òtítọ́ méjèèjì. Ó lè bu èèyàn jẹ, bí a bá fún un mọ́ ara, bí ó bá há sínú aṣọ tí a ń wọ̀, tàbí bí a bá sùn lé e. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ń ta bí agbọ́n ṣe ń ta, ó wú díẹ̀, ó sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Galway, ní Ireland, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo aláǹtakùn yìí, fi hàn ní ọdún 2021 pé àwọn kan wà tí tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ara ríro tó tàn ká, èébì, òógùn, àwọn díẹ̀ sì dé ilé ìwòsàn. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan tí a mọ̀ tó kú ikú oró aláǹtakùn yìí ní Bìrìtìkó láti ọdún 1879 títí di òní. Oyin àti agbọ́n ń pa ènìyàn díẹ̀ nílẹ̀ yìí lọ́dọọdún, síbẹ̀ a kì í sáré ti ilé ẹ̀kọ́ nítorí wọn. Bí ó bá bu ọmọ kan jẹ, kí á fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí á fi ohun tútù lé e, kí á bi apoògùn. Bí wíwú bá ń tàn, tàbí bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, ẹ pe 999, ẹ má sì dúró de ìgbìmọ̀ kankan.

Ẹ̀sùn mìíràn wà tí mi ò lè gbè é lẹ́yìn lé lórí. Jàǹkárìwọ̀ rẹ̀ lágbára, oró rẹ̀ sì lè mú ohun tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n ti rí i ní Shropshire níbi tó ti mú ọmọ àdán. Wọ́n ti rí i ní gúúsù England tó fa asín kékeré kan sókè lára fèrèsé. Èyí ló yẹ kó máa kó ìdààmú bá ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ yìí, ju ti apá tó wú lórí WhatsApp lọ. Àlejò lè ba ibùgbé onílé jẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní New Zealand, aláǹtakùn etíkun kan wà tí àwọn Māori ń pè ní katipō. Ìbátan opó ayédèrú kan tó ti South Africa wá ti gba ibùgbé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àwọn etíkun kan níbẹ̀. Nítorí náà n kò sọ pé kí a máa ṣe àlejò gbogbo bí ọmọ ilé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á mọ ẹni tí a ń bá jà.

Torí pé inú gbọ̀ngán wa, kí oògùn tó dé, àlejò mìíràn wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó kígbe lé lórí. Òun ni èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, tó máa ń gbọ̀n jìgìjìgì bí a bá fọwọ́ kan jàǹkárìwọ̀ rẹ̀. Pholcus ni orúkọ rẹ̀. Orí àjà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti máa ń fi í han àwọn ọmọ. Ilẹ̀ tó lóoru ju èyí lọ ni wọ́n gbà pé ó ti wá. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ W. S. Bristowe gun alùpùpù rẹ̀ káàkiri gúúsù England, ó ń wọ òtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gbójú sókè wo àjà yàrá kọ̀ọ̀kan bóyá aláǹtakùn náà wà níbẹ̀. Bó ṣe mọ ibi tó ń gbé àti ibi tí kò dé nìyẹn: ibi tí ilé kò tutù jù ló fẹ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Àgbàlagbà ọkùnrin tó dé ilé àlejò, tí kò béèrè oúnjẹ, tó kọ́kọ́ wo òkè àjà! Lónìí, níwọ̀n bí gbogbo ilé ti ní irin amúlégbóná, Pholcus ti dé ibi gbogbo. Aláǹtakùn mìíràn ni oúnjẹ rẹ̀, títí kan àwọn tó tóbi jù ú lọ. Bí ohunkóhun bá ń bá wa ṣọ́ gbọ̀ngán náà, òun ni. Oògùn tí a sanwó fún pa á lápapọ̀ mọ́ ìyókù.

Àlejò tó rẹwà náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀ lé mi lọ sí pápá ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá rí i fúnra yín: ilà ìyeyè, dúdú àti funfun lára rẹ̀, bí agbọ́n, tó jókòó ní àárín jàǹkárìwọ̀ róbótó pẹ̀lú ìlà wágowàgo kan tó nípọn lágbedeméjì. Argiope ni. Rye, ní Sussex, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ yìí, ní ọdún 1922. Tata ló ń mú jẹ. Ìyá kan lára yín sọ lọ́jọ́ náà pé ó jọ aṣọ òfì Ìsẹ́yìn. Gbogbo ọmọ ló yí i ká tí wọ́n ń wo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ fa òwú jáde láti ìdí rẹ̀, tó ń fi di tata bí ẹni di ẹ̀kọ. Mo kọ́ wọn ní òwe níbẹ̀: aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Wọ́n rí òwe náà lójú kòrókòró kí wọ́n tó gbọ́ ọ létí. Ẹ wo ìwé ẹ̀kọ́ wa, ẹ sọ ojú ewé tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn onílé, torí pé àwọn ni ọkàn mi wà lára wọn jù. Irú aláǹtakùn tó wà ní Bìrìtìkó lé ní 650. Nínú gbogbo wọn, bíi méjìlá péré ni eyín wọn lè wọ awọ ènìyàn. Ìdílé tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn tíńtìntín tí wọ́n ń pè ní money spider, tí àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì gbà pé owó ń bọ̀ bí ó bá gun aṣọ ẹni. Òun ló máa ń na òwú kan sínú atẹ́gùn, tí atẹ́gùn yóò sì gbé e lọ bí ẹyẹ. Omi adágún sì ní tirẹ̀: Argyroneta, tó ń gbé lábẹ́ omi, tó ń fi òwú pa àgọ́ sínú ewéko omi, tó sì ń gbé afẹ́fẹ́ láti òkè wá kún un. Kò sí aláǹtakùn mìíràn láyé tí a mọ̀ tó ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀.

Méjì péré nínú àwọn onílé yìí ni òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ kà sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa tàbí mú. Ọ̀kan ni aláǹtakùn irà, Dolomedes plantarius. Bí ó bá na ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó dúdú bí kọfí, ilà funfun kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Orí omi ló ń jókòó sí, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé omi láti máa gbọ́ ìgbì kékeré tí kòkòrò bá dá. Wọn kò mọ̀ pé ó wà nílẹ̀ yìí títí di ọdún 1956, nígbà tí Eric Duffey rí i ní irà Redgrave àti Lopham, ní ààlà Norfolk àti Suffolk. Lẹ́yìn ìgbà náà, omi tí wọ́n ń fà lábẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú mú kí irà náà máa gbẹ, ó sì kù díẹ̀ kí ó tán. Obìnrin onímọ̀ kan, Helen Smith, ló dìde. Bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ó tọ́ ọmọ aláǹtakùn náà nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgò kékeré tirẹ̀ kí wọ́n má baà jẹ ara wọn, ó ń fi ọwọ́ fún wọn ní eṣinṣin jẹ títí wọ́n fi lágbára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn lọ sí irà tuntun ní Suffolk àti Norfolk, wọ́n sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Mo ka ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ wa. Ọmọdékùnrin kan béèrè bóyá obìnrin náà máa ń kí wọn ní àárọ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Èkejì ni Eresus, tí akọ rẹ̀ pupa bẹ́lẹ́jẹ́ pẹ̀lú àmì dúdú róbótó lẹ́yìn. Fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n rò pé ó ti run, kí wọ́n tó tún rí i ní Dorset ní ọdún 1980. Ní ọdún 1994, wọ́n kà á, ó jẹ́ 56 péré. Ohun tí wọ́n fi gbé e lọ sí ibùgbé tuntun ni ìgò omi oníke tí a máa ń sọ nù, tí wọ́n ki ewéko pápá sínú rẹ̀ kí aláǹtakùn lè fi òwú kọ́ ihò rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò sí nínú òfin yẹn. Nothophantes horridus ni, kò gùn ju mìlímítà 2 àti ààbọ̀ lọ, ó kéré ju kóró ìrẹsì. Inú ihò òkúta ẹfun ní ìlú Plymouth nìkan ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé sí Radford Quarry, ọ̀kan nínú ibi tó ń gbé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ké gbàjarè, àwọn aláṣẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Ìlú kan, ẹranko kan, àfi ibẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Oògùn tí a ń fín sí gbogbo kọ̀rọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín onílé àti àlejò. Ní Plumstead àti Newham, bóyá kò sí èyí tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò wò. Bí a kò bá wò, báwo la ṣe máa mọ̀?

Mo ní láti sọ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ní Sátidé tí a padà sí gbọ̀ngán, tí òórùn oògùn ṣì wà lára aṣọ fèrèsé, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wá bá mi níta. Bàbá rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ fà á lọ́wọ́lọ́wọ́, gbogbo wa la sì mọ̀. Ó ní, "Bàbá, aláǹtakùn tó ti Áfíríkà wá yẹn, ṣé wọ́n máa lé e padà sílé ni?" Ó ti gbọ́ "àjèjì", ó ti gbọ́ "wọ́n ń ya wọlé", ó ti gbọ́ "kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá", nínú ìròyìn nípa aláǹtakùn, àti nínú ìròyìn mìíràn tí kì í ṣe nípa aláǹtakùn. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ní kó jẹ́ ká wo igi ápù. A wò ó, a sì rí aláǹtakùn ọgbà kan pẹ̀lú àmì funfun bí àgbélébùú lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó tún béèrè: "Òun ńkọ́? Ṣé òun lè dúró?"

Ní Ọ̀yọ́ tí mo ti kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí fún ọdún mọ́kànlá kí n tó wá síbí, aláǹtakùn pẹlẹbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo yàrá kíláàsì. Àpò ẹyin rẹ̀ funfun róbótó bí kọ́bọ̀ tí wọ́n fi bébà ṣe. Ìyá mi máa ń bó o lára ògiri, á fi lẹ ojú ọgbẹ́ wa. A kì í sá fún un, a kì í sì í bọ ọ́. Ó kàn wà nílé ni. Àwọn ọmọ wa níbí máa ń bi mí nípa Anansi tí wọ́n kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì máa ń sọ fún wọn pé àwọn Akan ní Ghana ló ni Anansi, Ìjàpá ni ológbọ́n ẹ̀wẹ́ tiwa. Ìyẹn náà wà lára ohun tí kíláàsì ọgbà ń ṣe. Nínú ọdún mẹ́rin, mo ti gbọ́ kí ọmọ tí kò lè pe "àfòpiná" máa fi í kọrin. Wọ́n mọ tata, wọ́n mọ ọ̀kùn, wọ́n mọ ìgbín, wọ́n mọ jàǹkárìwọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ọwọ́ kan ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ìyá wa alága, ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Kí kíláàsì ọgbà padà nígbà tí oṣù Kẹrin bá dé. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun wá, kò sí wàhálà, ọmọ náà lè dúró nínú gbọ̀ngán. Kí ẹni tó bá tún rí aláǹtakùn fi ife gíláàsì bò ó, kí ó ki bébà líle sábẹ́ rẹ̀, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ láàyè kí ó tó pinnu ohunkóhun. Mo wà nítòsí, bí mi ò bá sì mọ̀ ọ́n, British Arachnological Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ aláǹtakùn, wà, àwọn onímọ̀ ní Natural History Museum ní South Kensington náà sì wà tí wọ́n ń ràn ará ìlú lọ́wọ́ láti mọ ohun tí wọ́n rí. Bó bá jẹ́ opó ayédèrú lóòótọ́, èmi fúnra mi ni yóò gbé e jáde kúrò níbi tí ọmọdé ń ṣeré, ìwọ̀nba ohun tí a nílò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí á má tún pe àwọn tó ń fín oògùn kí ẹnì kan tó wo ohun tó wà níbẹ̀. Kí ẹni tó fi àwòrán apá yẹn síbẹ̀ yọ ọ́ kúrò, torí pé àwọn ọmọ ń wo fóònù wa.

Àwọn ike mẹ́rìnlélógún tí a fi ń ṣe kíláàsì náà ṣì wà nílé mi, mo ti fọ̀ wọ́n, mo sì ti gbá ihò atẹ́gùn tuntun sí ìdérí wọn. Sátidé kejì nínú oṣù Kẹrin, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, bí òjò kò bá rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ti ní òun ń bọ̀. Mo jẹ ẹ́ ní èsì kan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
bàbá kíláàsì ọgbà,
Plumstead, Lọ́ńdọ̀nù.